Ìpara Tí Oòrùn Kò Lè Yọ́

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ gbọ́ ti Àwẹ̀ró, opó tó ń fún oyin lẹ́yìn odò. Ọyẹ́ mú lọ́dún kan, gìgísẹ̀ ìyá Baálẹ̀ Láníhùn là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ni Baálẹ̀ bá pe Àwẹ̀ró: "Òrí ń yọ́ dànù lẹ́sẹ̀ ìyá mi. Wá ìpara tí oòrùn kò ní lè yọ́, àmọ́ tí ọwọ́ ènìyàn yóò yọ́. Bí n kò bá rí i lọ́la, ìwọ àti oyin rẹ, ẹ kúrò lórí ilẹ̀ mi." Àwẹ̀ró délé, ó kó ìda oyin tó ṣẹ́kù lẹ́yìn fífún, èyí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń dànù, ó sè é, ó sẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀, ó sì yọ́ ọ pọ̀ mọ́ òrí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé e sóòrùn lágbàlá Baálẹ̀ títí di ọ̀sán, kò yọ́. Baálẹ̀ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó dúró, kò yọ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Lọ di ẹrù rẹ." Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Kí ẹ pẹ́, Baálẹ̀. Bí oòrùn ṣe wò ó lẹ̀yin náà ṣe ń wò ó yẹn. Oòrùn kò lọ́wọ́ tó lè fi ra ẹsẹ̀ ènìyàn, ẹ̀yin ní. Ẹ fi ra ẹsẹ̀ ìyá yín." Baálẹ̀ jókòó sílẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ arúgbó lé itan, ó ń ra á, ó ń ra á, títí ìpara fi yọ́ wọnú gbogbo ojú ibi tó là. Ìyá dijú. Baálẹ̀ kò gbójú sókè. "Àwẹ̀ró, padà sídìí oyin rẹ," ó ní, ó sì fẹ́ dìde. Ìyá dì í lápá mú, ó fi oríkì pè é: "Àkànmú, níbo lò ń lọ? Ẹsẹ̀ kan ṣì kù."