Ìdí Tí Gìtá Oníná Fi Ní Etí Méjì, Tó Sì Ń Kùn

Nígbà láéláé, nígbà tí iná mànàmáná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn nínú wáyà, gìtá a máa sọ̀rọ̀, a máa rìn, okùn ara rẹ̀ sì ni ọwọ́ rẹ̀. Ẹ má bi mí pé ta ló rí i. Àwọn tó rí i ti lọ, àwa tí a gbọ́ ló kù.

Etí kan ṣoṣo ni gìtá kọ̀ọ̀kan ní nígbà náà. Etí ni mo ń pe irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ okùn rẹ̀. Òun ló ń gbọ́ ohun tí okùn bá sọ, òun ló sì ń gbé e gba inú wáyà lọ fún Baba Gbohùngbohùn, kí ó lè ké e síta fún aráyé gbọ́.

Òwú lásán ni wọ́n fi ń so etí yìí. Bí gìtá kan bá ń lọ òde, tí ohùn ẹnìkejì rẹ̀ sì wù ú, wọn yóò kàn tú òwú, wọn yóò pààrọ̀ etí, bí àwọn ọ̀rẹ́ ṣe ń yá ara wọn ní yẹtí. Òfin kan péré ló wà níbẹ̀: bí olóhun bá ti bèèrè, kí o dá a padà lójú ẹsẹ̀.

Ní ìlú Arómisá, olórin kan wà tó ń jẹ́ Ládiméjì, gìtá méjì ló sì ní. Adúmáradán ni ẹ̀gbọ́n, dúdú tó ń dán. Etí rẹ̀ fẹ̀, ó wà nítòsí ọrùn, ohùn rẹ̀ sì tutù bí omi àmù. Apọ́nbéporẹ́ ni àbúrò, pupa fòò. Etí tirẹ̀ tín-ín-rín, ó wà nísàlẹ̀ níbi tí okùn ti so mọ́ ìdí, ohùn rẹ̀ sì mú ṣáṣá. Bí Apọ́nbéporẹ́ bá ké, ẹni tó ń sùn lẹ́yìn odi yóò jí, yóò sì ti máa jó kí ó tó bọ́jú.

Apọ́nbéporẹ́ mọ̀ pé òun dára, ó sì máa ń sọ ọ́. Kò sì parọ́. Kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sójú kan.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé Ládiméjì fẹ́ràn ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbídùnní. Ìyá Àgbà Wúràọlá, tó bí ìyá Ìbídùnní, ló tọ́ ọ dàgbà, ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ Ìbídùnní, ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni yóò gbà kọjá. Ìyá Àgbà kò bèèrè iṣu, kò bèèrè epo. Ó ní kí Ládiméjì gbé gìtá kan ṣoṣo wá sí àgbàlá òun. Kí ó fi rẹ ọmọ ọwọ́ tó ń ké nínú ilé náà lẹ́kún títí yóò fi sùn, kí ó sì fi gìtá kan náà gbé òun àti àwọn àgbà àdúgbò dìde jó. Ó ní nílé ọkọ, ẹkún ọmọ wà níbẹ̀, ayọ̀ náà wà níbẹ̀, ẹni tí kò bá mọ èyí tó yẹ kí òun ṣe sí ìkọ̀ọ̀kan kò tíì tó ọkọ í ṣe.

Ládiméjì sọ fún àwọn gìtá rẹ̀ méjèèjì láìfi bò. Èyí tí òun bá gbé lọ ni yóò máa ṣáájú orin òun títí ayé. Èyí tó bá kù, orí ìṣó inú yàrá ẹrù ni yóò máa gbé, kí aláǹtakùn máa fi ọrùn rẹ̀ ṣe ilé.

Ijó kò ba Apọ́nbéporẹ́ lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń ké yẹn ló wà níbẹ̀. Ìgbà tó gbìyànjú kẹ́yìn láti rẹ ọmọ lẹ́kún, ṣe ni ọmọ náà fi kún igbe rẹ̀, tí ewúrẹ́ ilé sì bá a gbè é.

Nígbà tí Ládiméjì lọ wẹ̀, Apọ́nbéporẹ́ tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní etí yín, kí n fi mọ bó ṣe máa rí lára mi. Ẹ̀yin náà, ẹ gba tèmi."

Ó ti pẹ́ tí nǹkan ti wà lọ́kàn Adúmáradán náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, kò tíì gbé ẹnìkan ṣoṣo dìde lórí ìjókòó rí. Ó gbà. Wọ́n tú òwú, wọ́n pààrọ̀ etí, etí ńlá dé ara pupa, etí kékeré dé ara dúdú.

Ládiméjì dé, ó ki wáyà bọ Apọ́nbéporẹ́, ó ta okùn. Ohùn tó jáde jinlẹ̀, ó tutù, ó ń ṣàn. Ládiméjì la ẹnu sílẹ̀. Kò tilẹ̀ wo abẹ́ okùn kí ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, torí ojú Ìbídùnní ló ń wò lọ́kàn ara rẹ̀. Ó gbé Adúmáradán, ó ta á, ó ń dún tín-ín tín-ín bí ẹ̀fọn. Ó ní ọ̀rọ̀ ti parí, pé pupa tó mọ ijó ti mọ bí a ṣe ń rẹ ọmọ lẹ́kún báyìí. Ó gbé Adúmáradán kọ́ ìṣó.

Adúmáradán pè é láti orí ògiri. Ó ní, "Apọ́nbéporẹ́, ó tó gẹ́ẹ́. Dá etí mi padà."

Apọ́nbéporẹ́ gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun fọkàn balẹ̀, pé bí òun bá ti òde dé, òun yóò dá a padà. Ní ti ijó, ó ní inú ara òun ni ijó wà, kì í ṣe inú etí. Ibẹ̀ gan-an ló ti ṣì í.

Àgbàlá Ìyá Àgbà kò jìnnà, ọ̀nà kan péré ló là á láàárín pẹ̀lú ilé Ládiméjì. Wọ́n gbé ọmọ náà jáde, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n gba ọyàn lẹ́nu rẹ̀. Apọ́nbéporẹ́ rọra kọrin. Ọmọ dákẹ́, ó yán, ó sùn, wọ́n gbé e wọlé. Ìyá Àgbà mi orí. Inú Apọ́nbéporẹ́ dùn tó fi jẹ́ pé ó gbàgbé pé etí ẹlẹ́tí ni.

Ó wá kan ijó. Ìlù àkúbà bẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gbà á. Apọ́nbéporẹ́ pe ohùn rẹ̀ tó ti ń jẹ́ ìpè rẹ̀ láti kékeré, ohùn náà kò dáhùn. Ohun tó jáde nípọn bí ọ̀gì tó dì. Ìlù gbé e mì. Àwọn àgbà jókòó. Ọ̀kan ń wá obì lápò, èkejì ń bèèrè bóyá òjò máa rọ̀.

Ìyá Àgbà ní, "Ládiméjì, ọmọ mi, ṣòkòtò àgbàbọ̀ ni gìtá rẹ wọ̀. Bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu."

Ìbídùnní tó dúró lẹ́nu ọ̀nà dorí kodò. Ìyẹn ló dun Apọ́nbéporẹ́ jù. Ìtìjú tí kò mọ̀ rí bò ó láti orí dé ìdí.

Adúmáradán ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ó já ara rẹ̀ bọ́ lórí ìṣó, ó sọdá, ó wọ àgbàlá wá.

Apọ́nbéporẹ́ ní, "Ẹ fún mi ní tèmi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Tú tèmi sílẹ̀ ná."

Àbúrò kò fẹ́ kọ́kọ́ tú u, nítorí bí ọmọ bá tún jí ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n náà kò fẹ́ kọ́kọ́ tú u, nítorí wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fi okùn gbá ara wọn mú. Wọ́n fà, wọ́n fà, etí méjèèjì sì ya sí méjì, fàà! Ìdajì etí ńlá àti ìdajì etí kékeré wà lọ́wọ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn.

Baba Gbohùngbohùn kò rí nǹkan kan sọ.

Apọ́nbéporẹ́ bú sẹ́kún. Ó ní, "Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ̀gbọ́n mi bèèrè, mi ò dá a padà. Ládiméjì, tún ti ẹ̀gbọ́n mi ṣe ná. Èmi ni kó o gbé kọ́ ìṣó."

Ládiméjì kò gbé ẹnikẹ́ni kọ́ ìṣó. Ó mú ìdajì etí ńlá, ó fi sí ìtòsí ọrùn. Ó mú ìdajì etí kékeré, ó fi sísàlẹ̀ níbi ìdí okùn. Bó ti ṣe é lára dúdú ló ṣe é lára pupa. Ó fi ọ̀pá kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ wọn tí a lè tì síwá sẹ́yìn, kí etí tí a bá fẹ́ lè ṣí. Lẹ́yìn náà ló gbé Apọ́nbéporẹ́ sáyà, ó ṣí etí ìsàlẹ̀, ó ta á.

Ohùn náà mú. Ó la àárín ìlù kọjá. Ìyá Àgbà tún ìró rẹ̀ ró, ó dìde.

Ìgbà tí ìyẹn bá ti dìde, ta ni yóò jókòó? Ariwo ijó jí ọmọ, ó fi igbe ta. Ládiméjì ti ọ̀pá kékeré, ó ṣí etí òkè, ọmọ tún padà sùn. Ìyá Àgbà fa ọwọ́ Ìbídùnní lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí gbogbo ibẹ̀ rọlẹ̀, wọ́n gbọ́ nǹkan tó ń dún lára Apọ́nbéporẹ́, hùn-ùn-ùn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ìyá Àgbà bèèrè ohun tó ń kùn.

Apọ́nbéporẹ́ ní, "Ìyá Àgbà, etí mi ni. Ó ń pe ìdajì rẹ̀ tó wà lára ẹ̀gbọ́n mi."

Ládiméjì ṣí etí méjèèjì pọ̀. Kíkùn náà dákẹ́, nítorí ńlá àti kékeré rí ara wọn, wọ́n sì tu ara wọn nínú.

Láti ọjọ́ náà ni gìtá oníná ti ní etí méjì, ọ̀kan lókè fún ẹkún, ọ̀kan nísàlẹ̀ fún ijó. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti fi òwú so etí gìtá mọ́, ìṣó tí wọ́n ń yí wọlé ni wọ́n fi ń dè é, kí ẹni tó bá fẹ́ yá a lè ronú dáadáa kí ó tó yí i tán. Àwọn olórin ṣì ń tú u títí di òní, wọ́n ń gbé etí gìtá kan sára òmíràn, wọ́n ń wá ohùn tó bá wọn mu rẹ́múrẹ́mú.

Bí ẹ bá ṣí etí kan ṣoṣo lára gìtá, tí ẹ gbọ́ hùn-ùn-ùn, ẹ má sọ pé ó bàjẹ́. Apọ́nbéporẹ́ ló ń bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.