Ṣùkú tí Àwẹ̀ró Dì fún Àgbọ̀nrín

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀pẹ: "Bí abẹ́rẹ́ bá ń gbọ̀n, ẹ wo ọwọ́ onídìrí." Àjèjì á gbọ́ ọ, á yanu. Kí ló pa abẹ́rẹ́ àti onídìrí pọ̀? Ẹlòmíràn tó gbọ́n lójú ara rẹ̀ á ní bóyá abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán irun àrámọ́rí ni. Rárá o. Abẹ́rẹ́ inú mọ́tò ni, mọ́tò eré ìje sì ni. Onídìrí ọ̀hún, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀.

Ìyàwó Sùbérù mẹkáníìkì ni Àwẹ̀ró. Obìnrin rọ̀gbọ̀dọ̀ ni, ẹ̀rín rẹ̀ sì lè jí ọmọ tó ń sùn lójúlé kẹta. Abẹ́ igi òdán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ ló ti ń dirun. Bó bá ti rí orí játijàti, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó ti dá ìyàwó pásítọ̀ dúró rí láàárín títì: "Ìyá ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bá yín ṣe eléyìí lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí Ọlọ́run."

Sùbérù ní tirẹ̀ ní ọkọ̀ àtijọ́ kan tó fi ń díje ní pápá ọkọ̀ òfuurufú kan tí wọ́n ti pa tì. Àgbọ̀nrín ló sọ ọ́. Lámídì rẹwáyà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jọ wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ló ń bá a tọ́jú iná rẹ̀. Ogún ọdún ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun nínú abọ́ kan náà, tí ẹnì kan ò ka ẹran ẹnì kejì.

Ọjọ́ Ẹtì, tó ku ọ̀la kí wọ́n sáré, ni wàhálà dé. Abẹ́rẹ́ kan wà níwájú awakọ̀ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí sí. Bí Sùbérù bá ti fẹsẹ̀ tẹ tọ́tù báyìí kí ẹ́ńjìnnì lè sáré, abẹ́rẹ́ á fò dé òkè, á já wálẹ̀, á tún fò. Ẹ̀rọ kékeré kan sì wà tó ń gbọ́ ìròyìn kan náà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ yìí. Bí wọ́n bá ti sọ fún un pé eré ti pọ̀ jù, á pa iná kí ẹ́ńjìnnì má bàa fọ́. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá fò ni Àgbọ̀nrín ń kólòlò bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Bàbá Rọ́fíà o!" Àwẹ̀ró ké sí Lámídì láti abẹ́ igi, orí oníbàárà rẹ̀ Fàlílà wà láàárín itan rẹ̀. "Abẹ́rẹ́ yín yẹn ń gbọ̀n bí ẹni tó jókòó lé ìjàlọ!"

"Ìyàwó wa, orí ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ dojú kọ ọ́," ni Lámídì dáhùn.

Lámídì ṣí dísítíríbútọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó nu inú ìdérí rẹ̀, ó di ọ̀pá àárín rẹ̀ mú, ó mì ín, kò mì. Ó pààrọ̀ mítà, abẹ́rẹ́ inú tuntun náà tún ń jó. Ó fún wáyà tó so mọ́ ara irin le. Pàbó.

"Bàbá Rọ́fíà, ṣé kí n bá yín fi àdí pa á lórí ni?"

Ohun kan wà tí Àwẹ̀ró ń dúró dè láti àárọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, Sùbérù ní kó bá òun fọ ọkọ̀ náà mọ́, torí àwọn tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ń bọ̀. Àwẹ̀ró ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wáyà ńlá mẹ́rin jáde láti orí dísítíríbútọ̀, wáyà tín-ín-rín kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, gbogbo wọn rí wúruwùru. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Kó tó mọ̀, ó ti di márààrùn-ún pọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ṣùkú gidi, ó sì fi òwú dúdú so ṣóńṣó rẹ̀. Ó ń retí ẹni tó máa yìn ín. Sùbérù bojú wo ibẹ̀, ó rò pé Lámídì ló dì í, ó ní nínú ara rẹ̀ pé iṣẹ́ rèé. Lámídì náà wò ó, ó rò pé Sùbérù ni. Ẹnì kankan ò fọwọ́ kan ibi tó dára bẹ́ẹ̀.

"Wọn ò tilẹ̀ rí i!" Àwẹ̀ró pòṣé.

Nígbà tí oòrùn yí, Lámídì mú wáyà tuntun kan. Ó fà á láti dísítíríbútọ̀, ó gbé e gba orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tì í bọ ojú fèrèsé, ó so ó mọ́ mítà. Ó rí bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Sùbérù tẹ tọ́tù. Abẹ́rẹ́ gòkè jẹ́jẹ́, ó dúró síbẹ̀.

"Ó ti dúró!" Lámídì hó yèè.

Ṣùgbọ́n ojú Sùbérù le. "Ó túmọ̀ sí pé ìdì tí o di wáyà yẹn ló ń dà wá láàmú láti àárọ̀."

"Èmi dì í kẹ̀? Ṣebí ìwọ lo dì í."

"Lámídì, o bà á jẹ́ tán, o tún fẹ́ dì í rù mí?"

"Èmi lò ń pè ní òpùrọ́, Sùbérù? Lẹ́yìn ogún ọdún?"

"Gbé àpótí ẹ. Má wọ ibí mọ́."

Lámídì bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa sípánà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n pe òun padà. Ẹnì kan ò pè é.

Ọwọ́ Àwẹ̀ró dúró lórí Fàlílà. Ó wo òwú dúdú tó wà lórí itan rẹ̀. Bó bá panu mọ́, ta ni yóò mọ̀? Ọkùnrin ni wọ́n, wọ́n á parí ẹ̀. Àbí wọn ò ní parí ẹ̀? Lámídì ti gbé àpótí sí èjìká.

"Ìyá, ẹ ti dáwọ́ dúró o," ni Fàlílà wí.

"Dákẹ́, orí ẹ ò sá lọ." Ó dìde. "Bàbá Rọ́fíà! Ẹ gbé àpótí yẹn kalẹ̀."

"Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín."

"Ó kàn mí débi ìdí. Ẹ wo òwú tó wà ní ṣóńṣó ìdì yẹn, kí ẹ wá wo ti ọwọ́ mi. Èmi ni mo dì í. Ṣùkú ni."

Sùbérù wo ìdì náà, ó wo òwú ọwọ́ rẹ̀.

"Àwẹ̀ró," ni Sùbérù wí, "o di ṣùkú fún ẹ́ńjìnnì?"

"Ó sì dára! Ẹ̀yin méjèèjì tẹjú mọ́ ọn títí, ẹ ò rí àléébù kan níbẹ̀!" Ẹ̀rín bá já lẹ́nu rẹ̀, ó di ikùn mú. "Yé è! Èmi tí mò ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀, èmi gan-an ni ìjàlọ tí abẹ́rẹ́ jókòó lé!"

Sùbérù ò rẹ́rìn-ín. Ó lọ bá Lámídì, ó gba àpótí náà léjìká rẹ̀. "Lámídì, mo ṣẹ̀ ọ́. Fi orí jì mí."

Lámídì bá a di ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ mú. "Rọra gbé e kalẹ̀," ló sọ, "gílóòbù wà nínú ẹ̀."

Ó wá ṣàlàyé fún Àwẹ̀ró. Iná ńlá ló ń gba inú wáyà mẹ́rin yẹn kọjá, iná náà a sì máa pariwo. Ìròyìn lásán ni wáyà tín-ín-rín ń gbé lọ fún abẹ́rẹ́. Bí a bá dì í mọ́ àárín àwọn aláriwo, ariwo wọn ni yóò máa rò fún abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ á sì máa jó sí i. Àwẹ̀ró gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ síwájú Àgbọ̀nrín, ó fi ìdí òòyà tú ṣùkú náà fúnra rẹ̀. Lámídì gbé wáyà tín-ín-rín gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Fàlílà tó dirun dé ìdajì jókòó síbẹ̀ títí Àwẹ̀ró fi wá parí rẹ̀, orí rẹ̀ dà bí oko tí wọ́n ro apá kan.

Lọ́jọ́ kejì, ipò kẹrin ni Àgbọ̀nrín gbé, ṣùgbọ́n kò kólòlò lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ ẹnì kan tí wọ́n kùn yọ̀ọ̀, tí wọ́n fi iná aláràbarà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ káàkiri, ló ń wúkọ́ lójú ọ̀nà. Olówó rẹ̀ ń bú mítà, ó ń bú epo. Lámídì káwọ́ gbera, ó ní, "Bí abẹ́rẹ́ bá ń gbọ̀n, ẹ wo ọwọ́ onídìrí." Àwọn tó mọ̀dí ọ̀rọ̀ wó lulẹ̀ fẹ́rìn-ín, Àwẹ̀ró ló sì rín jù.

Bọ́rọ̀ náà ṣe dòwe nìyẹn. Bí nǹkan bá ń dààmú wa, ibi tó burẹ́wà la kọ́kọ́ máa ń tú wò. Ibi tí wọ́n ṣe lẹ́wà, tí gbogbo ojú ń gbádùn, ni ẹnì kan kì í fura sí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Fàlílà padà wá sábẹ́ igi òdán, ó di ìpàkọ́ mú.

"Ìyá, orí ń fọ́ mi láti ọjọ́ tí mo ti kúrò níbí. Mo ti lo oògùn, kò lọ. Kí lẹ rò pé ó fà á?"

Àwẹ̀ró wo ìdì tó ti fún iwájú orí ọmọbìnrin náà tí ojú rẹ̀ fi fẹ́ pa dé. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fa àpótí ìjókòó súnmọ́ ọn.

"Jókòó, ọmọ mi, kí n dẹ̀ ẹ́ fún ọ. Bí abẹ́rẹ́ bá ń gbọ̀n, ẹ wo ọwọ́ onídìrí."