Alángbá Tó Ń Gbe Orin Àwẹ̀ró

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Àlọ́ mi rìn títí, ó lọ dúró lórí Àwẹ̀ró opó, àti alángbá kan tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Orin wà nínú rẹ̀. Bí mo bá lé e, kí ẹ máa gbè é pé, "Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́."

Ní ayé àtijọ́, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Oyèkọ́lá. Agbọ̀n ni ó ń hun. Àwẹ̀ró ni ìyàwó rẹ̀. Wọn kò bímọ. Ní àárọ̀, Oyèkọ́lá á jókòó sí ìdí ògiri ẹ̀yìnkùlé, á máa hun agbọ̀n, á máa kọrin. Àwẹ̀ró á wà ní ilé ìdáná, á máa gún iyán. Ariwo odó kì í jẹ́ kó gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ ń lé. Ṣùgbọ́n bí ohùn náà bá ti dákẹ́ díẹ̀, á mọ̀ pé ègbè ló kàn, á sì dáhùn pé, "Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́."

Alángbá kan wà lórí ògiri náà. Orí rẹ̀ pọ́n bí epo. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ni ó ń sá fún, àfi Oyèkọ́lá. Bí Oyèkọ́lá bá ń kọrin, alángbá á sọ̀ kalẹ̀, á wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tó yá, Oyèkọ́lá ṣàìsàn, ó kú. Wọ́n sin ín. Àwọn èrò padà sílé wọn. Ilé dákẹ́. Àwẹ̀ró fẹ́ kọ orin ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ègbè nìkan ni ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ronú, ó ronú, kò rántí lílé kankan.

Ó wá gbójú sókè wo ògiri. Ó ní, "Ìwọ lo gbọ́ ọ. Bí o bá sún mọ́ mi, bóyá màá rántí."

Ó na ọwọ́ sí alángbá. Fìrì! Alángbá ti wọ inú ihò ògiri.

Ó bu ikán sọ́wọ́, ó ń lé e kiri. "Gbà, jẹun. Kí lo ń sá fún?" Fìrì! Alángbá ti wọ inú ihò.

Ó gbé agbọ̀n tí Oyèkọ́lá hun kẹ́yìn, ó fi dé alángbá mọ́lẹ̀. Alángbá fi ipá jáde. Ìrù rẹ̀ há sábẹ́ agbọ̀n, ó já. Ìrù náà ń jà fúnra rẹ̀ lórí ilẹ̀. Àwẹ̀ró fò sẹ́yìn.

Ìyá Àdìó, aládùúgbò rẹ̀, yọjú láti òdìkejì ògiri.

"Àwẹ̀ró, ṣé ẹran ọbẹ̀ lo fẹ́ fi ṣe ni?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Ìyá Àdìó. Mo fẹ́ kó bá mi jókòó ni."

"O sì fi agbọ̀n dé e mọ́lẹ̀? Ṣé bí ọkọ rẹ ṣe fẹ́ ọ nìyẹn?"

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Alángbá kò jáde mọ́ lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ mọ́, kò jáde. Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró pé ó ti lọ, àti pé orin ti bá a lọ.

Ó wá lọ jókòó síbi tí Oyèkọ́lá ti máa ń jókòó. Kò na ọwọ́. Kò lé e. Kò gbé agbọ̀n. Ó da ikán sílẹ̀ lókèèrè, ó sì ń kọ ìwọ̀nba tó mọ̀, "Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́." Orí pupa yọ nínú ihò. Ó ṣa ikán kan jẹ, ó sá padà. Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, Àwẹ̀ró da ikán sí tòsí díẹ̀. Alángbá jẹ, kò tètè sá. Nígbà tó ṣe, Àwẹ̀ró da ikán sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Alángbá wá. Ó jẹ tán, ó dúró, ó ń wo ojú rẹ̀.

"Lílé ló ń retí," ni Àwẹ̀ró wí. "Mi ò sì mọ̀ ọ́n."

Ìyá Àdìó gbọ́ ọ láti òdìkejì. "Lílé wo ni o kò mọ̀? Ṣé o kì í gbọ́ ohun tí Oyèkọ́lá ń kọ ni?"

"Odó kì í jẹ́ kí n gbọ́, mà."

"Háà! Kò sí ọjọ́ tí kì í yí i padà. Ohun tójú rẹ̀ bá rí láàárọ̀ ló ń rò fún alángbá. Ọjọ́ tí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ọbẹ̀ rẹ, gbogbo wa la máa ń gbọ́!"

"Iyọ̀ ọbẹ̀ mi? Èmi náà sì ń gbè é?"

"Kíkankíkan lo ń gbè é!"

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Omi náà kò tètè dá. Nígbà tó dá, ó nu ojú, ó kọjú sí alángbá, ó lé orin:

Alángbá, mo jí lónìí o,
*Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.*
Ẹní ọkọ mi tutù o,
*Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.*
Mo já ọ nírù, má bínú o,
*Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.*
Iyọ̀ ọbẹ̀ òní mọ níwọ̀n o,
*Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́.*

Ẹ̀yin lẹ gbè é fún mi nísinsìnyí. Lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, kò sí ohùn kankan níbi tí ègbè kàn. Alángbá ló gbé orí sókè, tó gbé e wálẹ̀. Ó tún gbé e sókè, ó tún gbé e wálẹ̀. Kò ní ohùn, orí ló fi gbè é. Lẹ́yìn náà, ó gun ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró, ó nà sórí itan rẹ̀, ó ń yá oòrùn. Àwẹ̀ró kò mira. Ó ń bá orin rẹ̀ lọ.

Ìdí nìyẹn tí alángbá fi ń mi orí lórí ògiri títí dòní. Bí ẹ bá rí i, ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Ẹnìkan ń lé orin níbì kan.

Àlọ́ yìí kọ́ wa pé bí ohun kan bá ń bẹ̀rù wa, kí a jókòó, kí a dúró dè é. Ó sì kọ́ wa pé kí a máa gbé ọmọ odó kalẹ̀ díẹ̀, kí a gbọ́ ohun tí ẹni wa ń lé, nígbà tó ṣì ń lé e.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé nìyí.