Ojú Tó Ń Dun Agẹmọ Àwẹ̀ró

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró wò. Ó gbé ìkejì, ó rọra bà lé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Oyèníran, àti agẹmọ inú ilé rẹ̀.

"Ṣé ó ti mumi?"

Ọ̀rọ̀ tí Àwẹ̀ró bá Oyèníran ọkọ rẹ̀ sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ agẹmọ ló ń bèèrè. Oyèníran ní, "Ó ti mu." Àwẹ̀ró mí kanlẹ̀, ó sì lọ.

Àwọn méjèèjì kò bímọ. Àwẹ̀ró ló rí agẹmọ náà ní kékeré lórí igi ewúro, ló gbé e wálé. Àwọn aládùúgbò ní, "Àwẹ̀ró, ta ló ń fi agẹmọ ṣe ọmọ?" Àwẹ̀ró a ní, "Ẹni tó mọ̀ ọ́n rọra rìn ni mo fẹ́." Ó ri ẹ̀ka igi mọ́ ẹ̀bá ilẹ̀kùn fún un. Ohun tó ń ṣe fún un láràárọ̀, Oyèníran kò mọ̀. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tó fi ń lọ sóko.

Nígbà tí Àwẹ̀ró kú, Oyèníran ti ilẹ̀kùn gbàgà. Kò fẹ́ gbọ́ "ẹ kú ara fẹ́ra kù" mọ́. Ó gbé agẹmọ sí yàrá, ó dáná síbẹ̀, ó bu omi sí igbá fún un. Agẹmọ kò wo igbá. Kò pẹ́, ojú rẹ̀ wú rọ̀gọ̀dọ̀, ó sì dì pa.

Ìjàpá gbọ́, ó dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Iṣu wo ló ń ta sánsán báyìí?"

Ó jẹun tán, ó wo agẹmọ. "Tìróò ni oògùn rẹ̀. Ṣebí òun là ń lé fún ọmọ tuntun kí ojú rẹ̀ lè tutù? Ẹ sì ti ilẹ̀kùn dáadáa. Oòrùn ló ń ba ojú rẹ̀ jẹ́."

Ṣé ẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn Ìjàpá? Ó fẹ́ kí agẹmọ kú, kí òun jó o, kí òun gún un mọ́ ọṣẹ, kí òun fi wẹ̀, kí àwọ̀ òun lè máa yí padà bí òun bá wọ oko olóko lọ jí iṣu!

"Ti ilẹ̀kùn": ọ̀rọ̀ tí Oyèníran fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Ó mú tìróò Àwẹ̀ró, ó lé e sójú agẹmọ. Ara agẹmọ dúdú kirikiri. Ó fi orin sí i:

Oyèníran, ọkọ Àwẹ̀ró,
*Rọra o, rọra.*
Tìróò ń ta mí lójú,
*Rọra o, rọra.*
Èéfín ń ta mí lójú,
*Rọra o, rọra.*
Èmi kì í mumi inú igbá,
*Rọra o, rọra.*
Omi orí ewé ni mò ń lá,
*Rọra o, rọra.*
Ṣílẹ̀kùn kí n yá oòrùn,
*Rọra o, rọra.*

Ohùn tí Àwẹ̀ró fi ń kọrin ni agẹmọ fi kọ ọ́. Oyèníran fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

"Kí ló ń wí?"

Ìjàpá ní, "Ó ń dúpẹ́ ni!"

Lọ́jọ́ kejì, Ìjàpá tún jẹun yó. "Tìróò yẹn ò tó. Ẹ tún un lé." Oyèníran tún un lé. Agẹmọ tún kọrin. Oyèníran tún di etí. Ojú tó wú wá jìn wọnú, agẹmọ kò mira mọ́.

Ni Ìjàpá bá gbé àpò dé. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti kú. Ojú yín ti rí tó. Ẹ má tún sin òkú. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sin ín."

Oyèníran ní, "Òun ló kù mí kù. Èmi ni n ó sin ín, nídìí igi ewúro tí Àwẹ̀ró ti rí i."

Ó ṣílẹ̀kùn, ó gbé e lọ sábẹ́ igi náà. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Omi ń kán lórí ewé ewúro, tò, tò, tò. Ẹ̀kán kan bọ́ sí agẹmọ lẹ́nu. Fìrì! Ahọ́n yọ. Ó lá, ó tún lá, ó sì gbé orin rẹ̀, tíntín:

Oyèníran, ọkọ Àwẹ̀ró,
*Rọra o, rọra.*

Ọwọ́ méjèèjì ni Oyèníran fi gbé e. Kò rí ọwọ́ tí yóò fi di etí. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ délẹ̀.

Ìjàpá ní, "Ẹ̀gbọ́n, òkú mìíràn a máa kọrin!"

"Ìjàpá, gbé àpò rẹ, kó o máa lọ."

Ìjàpá lọ, gbìrìgìdì, gbìrìgìdì, kò wẹ̀yìn.

Oyèníran pa iná yàrá. Ó rẹ òwú sínú omi tó mọ́, ó ń kán an sí i lójú, ó ń fọ tìróò kúrò díẹ̀díẹ̀. Láràárọ̀, ó ń wọ́n omi sórí ewé, ó ń gbé e síta kó lè yá oòrùn, bí oòrùn bá mú, a gbé e sí ibòji. Ó ń pa tata fún un. Kò lọ sóko títí ojú náà fi là. Ojú kan ń wo Oyèníran, ojú kejì ń wo ọ̀nà. Ara rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀ bí ewé. Oyèníran jókòó sílẹ̀, ó sunkún tó ti há sí i láyà láti ọjọ́ yìí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ibi tí àlọ́ mi gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀ sí nìyẹn. Bí mo bá parọ́, kí ahọ́n mi má yọ bí ti agẹmọ mọ́. Ó kọ́ wa pé ẹni tó ń ṣàìsàn ló mọ ibi tó ń dun òun. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tirẹ̀ ká tó gbọ́ ti ẹlẹ́tàn. Ó sì kọ́ wa pé bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ wá, ká má ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó kù wá kù.

"Bàbá, ṣé inú Oyèníran ti wá ń dùn?"

Ó ń ṣílẹ̀kùn. Ó ń dá àwọn èèyàn lóhùn. Ṣùgbọ́n kò tíì ká aṣọ Àwẹ̀ró kúrò lórí okùn. Kò tíì da àgbo rẹ̀ tó kù nínú ìkòkò nù. Kò tíì sùn sáàárín ẹní. Kò tíì dé ibojì.