Eyín Inú Iwe

Ogún adìẹ ni Àwẹ̀ró ń sìn. Kí wọ́n má baà dọ̀tí ló ṣe kó wọn sínú yàrá tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, tó ń fi àgbàdo bọ́ wọn. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi rù hangogo. Oúnjẹ kò dà nínú wọn mọ́, ọkọ rẹ̀ sì búra pé òun yóò pa wọ́n ní Sátidé.

Àwẹ̀ró sunkún lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀. “Ìyá, adìẹ ò léyín tí yóò fi jẹ àgbàdo. Ewúrẹ́ ni ǹ bá ti sìn.”

Ìyá rẹ́rìn-ín. “Adìẹ ń jẹkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta pẹ́pẹ̀pẹ́ mì, ó ní òun ò léyín, ìdérègbè tó léyín ń gbé irin mì bí? Ìyàwó mi, òkúta tó wà nínú iwe adìẹ ló ń bá a lọ oúnjẹ. Ṣé adìẹ tìrẹ rí òkúta ṣà lórí sìmẹ́ǹtì?”

Eré ni Àwẹ̀ró sá dé etí odò. Ó bu òkúta wẹ́wẹ́ kún agbọ̀n, ó dà á síwájú àwọn adìẹ, wọ́n sì ya bò ó.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ mú ọ̀bẹ wọlé ní Sátidé, adìẹ ń jà du àgbàdo, àkùkọ ń kọ. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Àwẹ̀ró na ọwọ́ sí i tẹ̀ríntẹ̀rín. “Ẹ mú ọ̀bẹ wá, kí n fi rẹ́ ẹ̀fọ́.”