Awó àti Kọ̀ǹpútà Tó Ń Ṣí Omi

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, kò yà sílé ẹnikẹ́ni, ó dá lórí Awó, ẹyẹ kékeré tí ara rẹ̀ rí tó-tò-tó, àti Erin, olórí ìlú ẹranko.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Nílùú ẹranko, kọ̀ǹpútà kan ló ń ṣí omi, òun ló ń ṣí àká oúnjẹ, òun náà ló ń ti ẹnubodè. Erin nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún un. Awó ló ń jókòó tì í látàárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n kò lè pàṣẹ kankan.

Lọ́jọ́ kan, Erin lọ kí àna rẹ̀ lọ́nà jíjìn. Omi ò yọ mọ́, kò sì sẹ́ni tó lè ṣí i. Òùngbẹ gbẹ wọ́n lọ́jọ́ kìíní, ó gbẹ wọ́n lọ́jọ́ kejì, ó gbẹ wọ́n lọ́jọ́ kẹta. Ọmọ Àgbọ̀nrín dákú. Awó ń wo kọ̀ǹpútà, ó ń sunkún.

Erin dé, gbì, gbì, gbì! Àánú ṣe é. Nígbà tó tún ń lọ, ó sọ gbogbo àṣírí fún Ọ̀bọ. Yéè! Ọ̀bọ tẹ ibí, pá! Ó tẹ ọ̀hún, pá! Ẹnubodè ṣí sílẹ̀ gbayawu, orúkọ gbogbo ará ìlú tó wà nínú kọ̀ǹpútà sì pa rẹ́. Erin padà dé, ó yí ọ̀rọ̀ àṣírí náà padà. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́!"

Awó kúnlẹ̀. "Bàbá, bí ẹ bá tún rìnrìn àjò ńkọ́? Ṣé kí òùngbẹ pa wá ni?"

"Ṣé kí n wá sọ àṣírí mi fún ọ, kí ìwọ náà ṣe bíi ti Ọ̀bọ?"

"Rárá o, Bàbá. Mi ò fẹ́ mọ àṣírí yín. Ẹ fún mi ní ọ̀rọ̀ tèmi. Ẹ sọ fún kọ̀ǹpútà pé omi nìkan ni Awó lè ṣí. Kó sì máa kọ gbogbo ohun tí mo bá ṣe sílẹ̀, kí ẹ lè kà á nígbà tí ẹ bá dé."

Erin pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, ó sì fún Awó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. "Ó dáa, ọmọ mi."

Erin lọ. Lọ́sàn-án gangan, Ìkookò fo odi wọlé, ó fún Awó lọ́rùn. "Ṣí ẹnubodè fáwọn ẹbí mi!"

Awó tẹ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ní, "Rárá, Awó. Omi nìkan ni tìrẹ." Ó tún tẹ̀ ẹ́. "Rárá, Awó." Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. "Rárá!" Inú bí Ìkookò, ó ti iná bọ àká, ó sá lọ. Iná ń jó fòfò! Gbogbo ìlú figbe ta. Awó yíjú padà sí kọ̀ǹpútà. Ẹ bá mi gbè é:

Kọ̀ǹpútà, Awó ló dé o,
*Ṣí omi wàà!*
Mi ò bèèrè àká,
*Ṣí omi wàà!*
Mi ò bèèrè ẹnubodè,
*Ṣí omi wàà!*
Tèmi nìkan ni mo wá gbà,
*Ṣí omi wàà!*

Omi tú jáde, wàà! Gbogbo ìlú bù ú, wọ́n dà á síná. Iná kú, ṣììì! Àgbàdo díẹ̀ ló jó.

Erin dé, ó ka ohun tí kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀, Awó sì ròyìn Ìkookò fún un. Ni Erin bá gbé Awó sẹ́yìn, ó jó yí ìlú ká. Lọ́jọ́ náà gan-an ló fún Àgbọ̀nrín láṣẹ lórí àká, ó fún Ọ̀kẹ́rẹ́ láṣẹ lórí ẹnubodè, oníkálukú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ sílé nìyí, ẹ̀yin ọmọ: ẹni tó bá di gbogbo àṣẹ mú ń fìyà jẹ ará ilé rẹ̀, ẹni tó bá sì kó gbogbo rẹ̀ fún ẹnìkan ń fi ilé ṣeré. Ẹ fún oníkálukú ní ìwọ̀n tí iṣẹ́ rẹ̀ gbà, kí ẹ sì máa wo ohun tó fi ṣe.