Ìnàkí Tó Pe Ara Rẹ̀ Ní Òkú Onílé

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi gun òkè àjà, ó já bọ́ lórí opó kan àti Ìnàkí. Fàdèyí, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí mi, a ò tíì dé ibi tó ń bani lẹ́rù."

Ní ìgbà kan rí, opó kan wà tó ń jẹ́ Àyọ̀ká. Òun nìkan ló ń gbé inú ilé àtijọ́ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Kò ní ibòmíì tí yóò forí pamọ́ sí.

Ìnàkí rí ilé yìí, ó wù ú. Òjò ti pa á nínú igbó títí ó fi sú u. Ó ní òun yóò lé obìnrin náà jáde.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó da aṣọ funfun borí, ó yọ́ wọlé, ó jẹ gbogbo iyán tó wà nínú àwo, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó ń ránmú: "Àyọ̀ká-á-á! Èmi ọkọ rẹ ni! Mo ti ọ̀run dé! Jáde nílé mi!"

"Yéè! Ṣé ó sá, Màmá?"

"Kó sá lọ síbo? Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀."

Àyọ̀ká wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, olówó orí mi! Ẹ kú ìrìn àjò ọ̀run! Ẹ dé lásìkò. Òrùlé wa ń jò. Àkàbà nìyẹn, koríko rèé."

Ìnàkí yanu. "Òkú kì í bolé!"

"Òkú tó jẹ iyán mi tán, á bolé."

Bó bá kọ̀, àṣírí tú. Ó gun òrùlé, ó bolé títí ilẹ̀ fi ṣú, koríko kún gbogbo irun ara rẹ̀.

"Yéè, Màmá! Òkú, ẹ pẹ̀lẹ́ o!"

Ó sọ̀kalẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àyọ̀ká ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ò tíì parí ebè oko bàbá mi kí ikú tó mú yín lọ. Àna yín ṣì ń retí yín. Bílẹ̀ bá ti mọ́, oko yá. Tẹ́ ẹ bá dé, àwọn ẹbí ń bọ̀ pẹ̀lú ẹjọ́ ilẹ̀. Ẹ̀yin ni baálé, ẹ̀yin lẹ ó dá a."

Ìnàkí bọ́ aṣọ dànù. "Èmi kọ́ ni ọkọ rẹ o! Ìnàkí ni mí! Gba ilé rẹ!" Ó bẹ́ lu igbó.

Àyọ̀ká dúró lábẹ́ òrùlé tuntun, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pariwo tẹ̀lé e: "Mo mọ̀! Láti ọjọ́ tí mo ti délé yìí, ọkọ mi ò gun òrùlé rí!"

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá fẹ́ gba ipò onílé, kó múra sí iṣẹ́ onílé. Ibí ni àlọ́ mi sùn sí. Bí mo bá parọ́ mọ́ Ìnàkí, kó wọlé wá bá mi wí báyìí."

"Háà! Màmá, ẹ má pè é o!"